Ilé Ìgbẹ̀ìn Tí Ìjà Obìnrin Ẹ̀gbá Ti Jáde

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1855, Efupeyin, ìyàwó Likoye Kuti, bí ọmọkùnrin kan sí Ìgbẹ̀ìn. Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ṣì kéré nígbà náà. Nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, ìlú kọ̀ọ̀kan sì gbé orúkọ rẹ̀ dání wá: Aké, Ìkìjà, Ìtòkú, Ìjẹùn, Ìgbẹ̀ìn. Wọ́n di àdúgbò nínú ìlú kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gbàgbé pé ìlú lòun tẹ́lẹ̀. Ní 1846 ni àwọn oníwàásù CMS wọlé. Henry Townsend fi Aké ṣe ibùjókòó, Samuel Ajayi Crowther sì bójú tó ìjọ Ìgbẹ̀ìn. Ẹni tó bá ń gbé Ìgbẹ̀ìn láyé ìgbà náà kò lè sọ pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì kò kan òun. Likoye gbọ́ agogo náà, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn tuntun kò wọ̀ ọ́ lójú. Efupeyin gbọ́ ọ, ó sì tẹ̀lé e. Abẹ́ òrùlé kan náà ni ọkọ àti aya yìí ń gbé, kálukú sì dúró lórí ohun tó dá a lójú.

Ọmọ tí wọ́n bí, Josiah Jesse, ọ̀nà ìyá rẹ̀ ló tọ̀. Ó di tíṣà, ó di olùkọ́ orin, ó di àlùfáà ní Gbágùrá, ó sì di Kánọ́ọ̀nù kó tó kú ní 1930. Ransome tó so mọ́ Kuti, ọ̀dọ̀ oníwàásù òyìnbó kan ló ti gbà á. Àmọ́ ìlù àti orin tó bá lágboolé kò kúrò lára rẹ̀. Ohùn Yorùbá ló fi ń kọ orin ìsìn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìjọ ṣì ń fi ohùn òyìnbó fa ọ̀rọ̀ Yorùbá ya. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ilé iṣẹ́ Zonophone gba orin rẹ̀ sínú àwo, ó sì wà lára àwọn àwo orin Yorùbá tó pẹ́ jù lọ tí a ní. Ní Gbágùrá ni Bertha Erinade, aya rẹ̀, ti bí Israel Oludotun fún un ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹrin 1891.

Bí a bá ń pìtàn bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe ja ìjà owó orí, ẹnu ọ̀nà ààfin Aké la ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jókòó sí ní 1947. Èmi kò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó dá mi lójú pé nínú ilé ni ìjà yẹn ti kọ́kọ́ gbó, nínú ilé ọ̀gá ilé ìwé kan àti ìyàwó rẹ̀, níbi tí ọkọ àti aya ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́, tí wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ ìlú pa mọ́ fún ọmọ. Ohun tí ilé náà fi kọ́ ìlú pọ̀. Ohun tí ilé náà san fún un náà kò kéré.

Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá 1900 ni wọ́n bí Frances Abigail Olufunmilayo Thomas ní Abẹ́òkúta. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni Daniel Olumoyewa Thomas, bàbá rẹ̀. Lucretia Phyllis Omoyeni lorúkọ ìyá rẹ̀. Ìdílé Sàró ni wọ́n níhà bàbá. Sarah Taiwo, ìyá ńlá wọn, wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí Sàró, tí wọ́n sì tún padà wá wá ìdílé wọn rí nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọmọ tó bá gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dàgbà, tó mọ̀ pé wọ́n ta ìyá òun àtijọ́, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wálé, kò ní rò pé kò sí ohun tí obìnrin lè ṣe.

Ní 1914, Funmilayo wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí Abeokuta Grammar School gbà. Ilé ìwé àwọn ọkùnrin ni láti 1908 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, Israel sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1919, ó wọkọ̀ lọ sí Wincham Hall ní Cheshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ orin, ó kọ́ aṣọ rírán, ó kọ́ Faransé, ó sì fojú rí bí òyìnbó ṣe ń wo ènìyàn dúdú nílùú wọn. Nígbà tó padà dé ní 1922, kò jẹ́ Frances mọ́, kò sì jẹ́ Abigail. Funmilayo ni ó ní kí gbogbo ayé máa pe òun. Kò sí ẹni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un, kò sì dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Israel ti gboyè ní Fourah Bay ní Sàró, ó sì ti di ọ̀gá ilé ìwé Ijebu-Ode Grammar School láti 1919. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ju Funmilayo lọ. Ìwé ni wọ́n fi fẹ́ ara wọn. Òun wà ní Ìjẹ̀bú, obìnrin náà wà ní òkè òkun, lẹ́yìn náà ní Abẹ́òkúta, lẹ́tà sì ń lọ, ó ń bọ̀. Ní ogún ọjọ́ oṣù kìíní 1925, wọ́n ṣègbéyàwó. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé. Wọ́n bí Dolupo ní 1926, wọ́n sì bí Olikoye ní òpin ọdún 1927. Ẹ wo orúkọ ọmọkùnrin yẹn dáadáa: Likoye ará Ìgbẹ̀ìn, tí kò fẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ni Israel, tí í ṣe àlùfáà, sọ ọmọ rẹ̀.

Ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ kò jọ èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Láyé ìgbà yẹn, kódà láàárín àwọn tó kàwé, ọkọ ló ń sọ̀rọ̀, tí aya ń gbọ́. Israel kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn kí ìyàwó òun ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ láti ní ohùn tirẹ̀. Nígbà tó kó àwọn olùkọ́ Ìjẹ̀bú jọ, tí ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, ní 1931, Funmilayo ti ń kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jọ, ó ń kọ́ wọn ní ìwé nínú ọgbà ilé. Wọ́n jọ ń gbé iṣẹ́ wálé ni. Ohun tí ọ̀kan ń ṣe, èkejì mọ̀ ọ́n.

Ní 1932, Israel padà sí Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé tó ti kàwé jáde. Ìgbẹ̀ìn ni ilé ìwé náà wà nígbà yẹn. Ọmọ Josiah padà sórí ilẹ̀ tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ọdún méjìlélógún ló sì lò nípò náà. Níhìn-ín ni a ti bí Fela ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá 1938, àti Bekolari ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1940. Kí Fela tó dé, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní 1935. Òyìnbó oníwàásù kan ló sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ òyìnbó sì ni. Ọmọ náà kò lò ju ọ̀sẹ̀ bíi méjì lọ láyé. Fela máa ń sọ nígbà tó dàgbà pé òun náà ni òun padà wá, nítorí pé orúkọ yẹn kò tẹ́ òun lọ́rùn. Bí ẹnì kan gbà á gbọ́, bí kò gbà á gbọ́, ìyá kan ló gbé ọmọ sin níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ máa ń fò ó kọjá lọ sí ọjà àti ààfin.

Ilé ọ̀gá ilé ìwé àti ilé ìwé, ọgbà kan náà ni. Èyí ni ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìgbésí ayé ìdílé náà. Àwọn ọmọ Kuti kò ní ibì kan tí wọ́n lè sá sí lẹ́yìn tí agogo ilé ìwé bá dún. Bàbá wọn ni ọ̀gá, ìyá wọn ni olùkọ́ tó kọ́kọ́ fún wọn ní síléètì, àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé ilé ìwé sì kún ilé títí dé ilé ìdáná. Kíláàsì ìyá wọn, tí gbogbo ìlú ń pè ní kíláàsì Ìyáàfin Kuti, ni Fela ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Bàbá ń tẹ pianó, ó sì ní kí ọmọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orin lójú ìwé. Dáódù ni àwọn ọmọ ilé ìwé àti ará ilé ń pe bàbá. Béèrè ni wọ́n ń pe ìyá. Orúkọ àkọ́bí ni méjèèjì, ọ̀kan ti ọkùnrin, ọ̀kan ti obìnrin, wọ́n sì dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Mi ò ní bo ohun kan mọ́lẹ̀: ẹgba pọ̀ nínú ilé yẹn. Àwọn méjèèjì ló ń na ọmọ. Israel kò jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ rí ojúsàájú kankan gbà, ohun tó bá ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ ló ń ṣe sí ti ara rẹ̀, ó sì lè fi díẹ̀ lé e. Fela kò yé sọ̀rọ̀ nípa pàṣán náà títí tó fi dàgbà, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. A ń pe ìyá rẹ̀ ní aṣíwájú tí kò fi ipá jà, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n èrò ìgbà yẹn ni pé ọmọ tí a kò nà yóò bàjẹ́, wọ́n sì gbà á gbọ́ bí gbogbo òbí Abẹ́òkúta ṣe gbà á gbọ́. Ó dùn mí láti kọ ọ́, mo sì gbà pé ó yẹ kí a kọ ọ́. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà nínú ilé kan náà tí kò wọ́pọ̀: ọmọ lè béèrè ìdí. Kò sí ọ̀rọ̀ ìlú tí wọ́n ń lé ọmọ kúrò níbẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tí ìyá bá ń wa mọ́tò lọ ṣe ìpàdé tàbí kó ìbò jọ, Fela wà nínú mọ́tò náà. Ó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò nílẹ̀ yìí, ó sì jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ kó wà á.

Ìgboyà bàbá náà kò lọ́rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ kan ń bẹ tó ń kọjá níbi tí àsíá àwọn òyìnbó wà ní àgọ́ ọmọ ogun. Wọ́n ní kó ṣí fìlà, kò ṣí i. Ọmọ ogun kan fi ìbọn lù ú lójú. Ó gbé ẹjọ́ náà láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, pẹ̀lú ojú tó ti wú, kò sì jẹ́ kó kú sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ rí ojú náà. Wọ́n rí i pé bàbá wọn kò gbé ọwọ́ sókè, kò sì ṣí fìlà.

Ilé tí ọ̀rọ̀ ti rí báyìí ni àwọn obìnrin ọjà wọlé sí. Ẹgbẹ́ tí Funmilayo kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníkaba ni: ìyàwó àlùfáà, ìyàwó tíṣà, àwọn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan kéèkì tí wọ́n sì ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Grace Eniola Soyinka, ọmọ-ọmọ Josiah, wà nínú wọn. Ní nǹkan bí 1944, obìnrin ọjà kan fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Wọ́n mú un wá, àwọn mìíràn tẹ̀lé e, ọgbà ilé ìwé sì di kíláàsì àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Wole Soyinka, ọmọ Eniola, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, máa ń bá wọn tọ́ka sí ábídí, ó sì ń jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan sí èkejì. Lẹ́nu ábídí ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Àwọn obìnrin náà kò sọ nípa lẹ́tà nìkan. Wọ́n sọ pé nígbà ogun Hitler wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn lọ́jà láìsan owó tó tọ́. Wọ́n sì sọ nípa owó orí.

Láti 1918 ni owó orí ti wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọdún tí ogun Adubi bẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, kì í ṣe pé ọkọ san án fún ilé. Ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í san láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọkùnrin láti mẹ́rìndínlógún. Nítorí pé kò sí ìwé ọjọ́ orí, àwọn tó ń gba owó máa ń tú ọmọbìnrin níhòòhò láti wo ọyàn rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó tó san. Wọn yóò wọlé òórọ̀, wọn yóò wá obìnrin nínú ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìdílé ni ìjà yìí. Ohun tí ìjọba ń ṣe kò dúró lẹ́nu ọjà, ó wọ yàrá ọmọbìnrin lọ bá a, lójú ìyá rẹ̀. Ìyá tó ní ọmọbìnrin nílé, tí Dolupo rẹ̀ kò tíì pé ogún ọdún, kò nílò ìwé kankan láti mọ ohun tí èyí jẹ́.

Ní 1946, ẹgbẹ́ oníkaba di Abeokuta Women's Union, obìnrin ọjà àti obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì nínú ẹgbẹ́ kan. Iye wọn tí a máa ń dárúkọ ni 20,000. Funmilayo bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá bá ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn obìnrin kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ, àwọn òyìnbó ni wọ́n ń wá ògbufọ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, ó sì pọ̀. Israel tó mọ bí ẹgbẹ́ ṣe ń lọ, tó ti ń darí NUT fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wà nílé láti bá wọn ro ọ̀rọ̀. Kò ti ara rẹ̀ síwájú àwọn obìnrin. Mo ka èyí sí nǹkan ńlá, nítorí mo mọ iye ọkùnrin tí kò ní lè ṣe é.

Ọdún 1947 le fún ilé náà. Ní àárín ọdún, Funmilayo bá ikọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC tí Nnamdi Azikiwe darí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun nìkan ṣoṣo ni obìnrin láàárín ọkùnrin mẹ́fà. Fela kò tíì pé mẹ́sàn-án, Beko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé méje. Níbẹ̀ ló ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker pé obìnrin ilẹ̀ wa ní ipò kí òyìnbó tó dé, àti pé ìjọba òyìnbó ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí ó ti ń bọ̀ wálé, Aláké Ladapo Ademola, ọba Ẹ̀gbá, àti àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ti ń bínú sí ohun tó kọ. Ilé kò ní ìsinmi mọ́ lẹ́yìn náà.

Ní òpin oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àwọn obìnrin rọ́ lọ sí ààfin Aké, nǹkan bí ẹgbàárùn-ún wọn, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ kan mọ́jú èkejì. Ní oṣù kejìlá, wọ́n tún padà. Ìjọba kò fún wọn ní ìwé àṣẹ fún ìwọ́de, wọ́n bá ní àjọ̀dún ni àwọn ń ṣe. Béèrè ti kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú: bí wọn yóò ṣe bo ojú, bí wọn yóò ṣe gbé agolo náà jù padà. Kò sí àdá, kò sí kùmọ̀. Wọ́n ní orin, orin náà sì ta, nítorí obìnrin Ẹ̀gbá mọ bí wọ́n ṣe ń fi orin bú ènìyàn títí yóò fi fẹ́ wọlẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí a gbà pé ìjà tí kò lo ipá kò túmọ̀ sí ìjà tí kò dunni.

Láàárín rògbòdìyàn náà ni òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan bá Béèrè sọ̀rọ̀ ṣàkàṣàkà pé kó pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Béèrè bi í léèrè bóyá bó ṣe máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Soyinka gbé ìtàn yìí sínú Aké, ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó sì ti di ohun tí gbogbo Abẹ́òkúta mọ̀. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé kò fi òfin dá a lóhùn. Ó bá a sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá Yorùbá ṣe máa ń bá ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé sọ̀rọ̀, ó sì fi òyìnbó náà sí ipò ọmọ.

Ní 1948, owó orí obìnrin kásẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, Aláké kúrò ní Abẹ́òkúta lọ sí Òṣogbo, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949 ó sì fi oyè sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún padà wá ní òpin 1950. Abo kìnnìún Lísàbí ni àwọn ìwé ìròyìn ń pe Funmilayo. Orúkọ dára, àmọ́ mo mọ̀ pé lójoojúmọ́ tí wọ́n ń kọ orúkọ yẹn, ọmọ méjì tó ṣì kéré ń jẹun alẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọn kò mọ̀, ẹni tó yẹ kó fi wọ́n sùn sì wà níta.

Àrùn jẹjẹrẹ pa Israel ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin 1955, ọdún kan lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi jọ gbé. Fela jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Beko mẹ́rìnlá. Opó náà kò jókòó. Ní 1956, ó lọ sí Ṣáínà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe, wọ́n ní ó ń bá àwọn kọ́múníìsì rìn. Ó ń dá owó ilé ìwé àwọn ọmọ san, ó ń bá ìjọba jà lórí ìwé ìrìnnà, ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò fẹ́ fi obìnrin síwájú fa ọ̀rọ̀. Ní 1959, ó kúrò nínú NCNC. Ó fẹ́ kí gbogbo ọmọkùnrin òun ṣe ìṣègùn. Olikoye ṣe é ní Dublin, Beko ṣe é ní Manchester. Fela dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ó wọ Trinity College of Music. Kò jọ pé èyí tẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí bàbá àgbà ti gba orin sínú àwo, tí bàbá ti ń tẹ pianó, kò ní ẹ̀tọ́ láti yà lẹ́nu.

Láàárín àwọn ọdún 1970, ọmọ ló wá ń darí ìyá. Fela yọ Ransome kúrò lára orúkọ rẹ̀, ó fi Anikulapo rọ́pò rẹ̀. Ìyá rẹ̀, ẹni tó ti lé àádọ́rin ọdún, tó ti gba ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin ní 1970, náà yí tirẹ̀ padà. Olikoye kò yí tirẹ̀ padà, Beko kò yí tirẹ̀ padà, kò sì sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì 1977, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń sọ pé wọ́n tó ẹgbẹ̀rún kan ya wọ Kalakuta, ilé Fela ní Agége Motor Road ní Èkó. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n lu Beko nílùkulù, ilé ìwòsàn rẹ̀ tó wà nínú ọgbà náà jóná mọ́ ilé. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn: ní Montgomery ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kìíní 1956, wọ́n ti ju bọ́ǹbù sí ilé Martin Luther King, tí Coretta aya rẹ̀ àti ọmọ wọn tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa aṣíwájú tí kò lo ipá lẹ́nu mọ́, ilé rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá. Níbẹ̀ la ti mọ̀ pé àwọn ọ̀tá fúnra wọn mọ ibi tí agbára náà ti ń wá.

Ìyá náà kò bọ̀ sípò mọ́. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin 1978. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, Abẹ́òkúta sin ín sínú ibojì ọkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà sì ti ìsọ̀ wọn lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ti kọ́ ábídí ní Ìgbẹ̀ìn lọ́dún 1944 ti di ìyá àgbà nígbà yẹn.

Olikoye di mínísítà ìlera ní 1985, ó sì lo ọdún méje níbẹ̀, ó ń kiri pẹ̀lú àjẹsára àti ìtọ́jú alábọ́dé títí dé àwọn abúlé. Beko ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n láti 1995 sí 1998. Fela kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1997, ọjọ́ ìbí Beko gan-an, Beko sì wà lẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Olikoye pe àwọn oníròyìn jọ, ó sì sọ fún wọn pé éèdì ló pa àbúrò òun. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìdílé yóò sọ pé ibà ni, tàbí pé ayé ló ṣe é, wọn yóò sì gbé òkú sin. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn Fela pọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, púpọ̀ nínú wọn sì ń sọ pé kò sí àrùn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Dọ́kítà ọmọdé ni, ẹ̀gbọ́n ni, ìdílé rẹ̀ sì ń ṣọ̀fọ̀, ó dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó ń dáhùn ìbéèrè wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.